Iṣẹ́ Kan, Olùdáhùn Kan: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Àṣetúnṣe Láàárín Àwọn Ètò Ìjọba

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ṣì wà ní sẹkitéríàtì Agodi, ẹ̀yin aṣojú láti ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi ọ̀sán òní sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í fa èrò bí ọ̀rọ̀ ìdìbò ti ń fà á, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ ni bí a ṣe lè dín àṣetúnṣe kù láàárín àwọn ètò àti àwọn àjọ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tó burú nínú kí àjọ mẹ́ta máa ṣe iṣẹ́ kan náà ni owó tó ń bá a lọ. Owó náà ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo kà sí òfò tó tóbi jù. Òfò tó tóbi jù ni pé nígbà tí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí aráàlú lè di lọ́wọ́ mú pé ìwọ ni kí o wá dáhùn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí ohun tó jìnnà sí wa, ẹ jẹ́ kí a mú un láti ara gọ́tà. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ṣíṣe gọ́tà àti títún un ṣe, pẹ̀lú kíkó ìdọ̀tí, sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó pín Ìbàdàn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, márùn-ún ní àárín ìgboro, mẹ́fà ní ẹ̀yìn odi, odò Ògùnpa kò sì mọ ààlà wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ó ní àjọ tó ń rí sí ilẹ̀ kíkó, àwọn agbaṣẹ́ṣe akólẹ̀ sì wà lábẹ́ àjọ náà. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó agbègbè odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tó gba ẹ̀mí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ìlú yìí, ìjọba yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé, ètò mìíràn sì tún dìde tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ dídènà omíyalé ní Ìbàdàn. Ètò náà ṣe afárá, ó sì la ojú odò. N kò ní fi ojú kéré iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí gọ́tà iwájú ilé kan bá kún, onílé á kọ́kọ́ lọ bá wolé-wolé. Wolé-wolé á ní àwọn lè mú ẹni tó da ilẹ̀ sí i, àmọ́ àwọn kò ní ọkọ̀ tí àwọn yóò fi kó o. Akólẹ̀ á ní ilẹ̀ tí onílé dì sínú àpò ni àdéhùn òun mọ, kò dé inú gọ́tà. Àwọn ti sẹkitéríàtì á ní gọ́tà ojú ọ̀nà kékeré jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ti omíyalé á ní odò ńlá ni wọ́n tìtorí rẹ̀ yá owó. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan nínú ìdáhùn wọ̀nyí. Olúkúlùkù ló sọ òótọ́ nípa ohun tó wà nínú ìwé tirẹ̀, síbẹ̀ yanrìn àti ọ̀rá ń bẹ nínú gọ́tà, òjò sì ń ṣú. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tó pọ̀ jù lórí iṣẹ́ kan kì í sábà jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á ná owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, iṣẹ́ náà á sì wà nílẹ̀ láìṣe.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 yẹn kan náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yẹ gbogbo àjọ ìjọba àpapọ̀ wò, ó sì fi Ọ̀gbẹ́ni Stephen Oronsaye, tó ti jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí, ṣe alága. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2012, àbọ̀ náà sì tó ojú ìwé 800. Wọ́n rí àjọ, ilé-iṣẹ́ àti kọmíṣọ̀n 541. Nínú àwọn tí òfin gbé kalẹ̀, tí wọ́n jẹ́ 263, wọ́n dábàá pé kí a dín wọn kù sí 161. Lára àbá wọn ni pé kí a pa 38 rẹ́, kí a da 52 pọ̀ mọ́ ara wọn, kí 14 sì padà di ẹ̀ka lásán nínú ilé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti yọ jáde. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọba rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni kí ènìyàn ka gbogbo òfin tó gbé àjọ wọ̀nyẹn kalẹ̀, kí ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì sọ pé èyí àti èyí ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ọdún 2014 ni ìjọba tó sọ ìpinnu rẹ̀ lórí àbọ̀ náà, ó sì kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbá tó le jù, lára wọn ni àbá pé kí iṣẹ́ EFCC àti ICPC bọ́ sí abẹ́ òrùlé kan. Ní ọdún 2021, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari tún gbé ìgbìmọ̀ méjì kalẹ̀: ọ̀kan láti tún àbọ̀ Oronsaye àti ìpinnu ìjọba lórí rẹ̀ yẹ̀ wò, èkejì láti yẹ àwọn àjọ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 2014 wò. Ẹ fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kejì yẹn. Kí àbọ̀ tó ní kí a dín àjọ kù tó kúrò lórí tábìlì, àjọ tuntun ti pọ̀ tó ohun tí ìgbìmọ̀ odidi ń jókòó lé lórí. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà lábẹ́ Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àbọ̀ náà, wọ́n sì fún ìgbìmọ̀ tí yóò mú un ṣẹ ní ọ̀sẹ̀ 12. Lára ohun tí wọ́n kéde ni pé kí àjọ NEMA, tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, àti kọmíṣọ̀n tó ń bójú tó àwọn asásàálà di ọ̀kan, kí ilé-iṣẹ́ rédíò FRCN àti Voice of Nigeria di ọ̀kan, kí gbọ̀ngán eré ìtàgé ìjọba àpapọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèré ìjọba àpapọ̀ sì di ọ̀kan.

Kí ló ń fa ọwọ́ iṣẹ́ náà sẹ́yìn tó báyìí? Àwọn kan á ní àìfẹ́ ṣe ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òfin ni ìdí tó jinlẹ̀ jù. Àjọ tí òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé kalẹ̀, Ààrẹ kò lè fi ìkéde pa á rẹ́. Òfin tó bí i náà ni ilé gbọ́dọ̀ fagi lé tàbí kí wọ́n tún kọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìjókòó ìta gbangba níbi tí òṣìṣẹ́ àjọ náà, àwọn tó ń bá a ṣòwò, àti aṣòfin tí ilé-iṣẹ́ náà wà ní agbègbè rẹ̀ yóò ti wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó kú. Níbi tí ó bá sì jẹ́ pé inú òfin orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti dárúkọ kọmíṣọ̀n náà, àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ni yóò gbà, èyí tó ń béèrè ìfọwọ́sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń wọlé gbòòrò, ọ̀nà àtijáde tóóró. Dídá àjọ sílẹ̀ ń mú ìyìn wá fún aṣòfin tó gbé àbá rẹ̀ wá, ó ń mú iṣẹ́ wá fún àwọn ọmọ agbègbè rẹ̀, ó sì ń mú ìjókòó wá nínú ìgbìmọ̀ alámòójútó fún àwọn tó bá a ṣe ìpolongo. Ta ni yóò gba ìyìn fún èyí tí a pa rẹ́?

Ìdí kejì ni ẹ̀rù tó ń ba òṣìṣẹ́, n kò sì fara mọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀rù yẹn kò ní láárí. Nígbà tí wọ́n bá ní àjọ méjì yóò di ọ̀kan, ọ̀gá àgbà kan ni yóò ṣẹ́ kù níbi tí méjì wà, akápò kan, agbẹjọ́rò kan, awakọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ti wà ní ipò kẹrìnlá fún ọdún púpọ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó wọṣẹ́ lẹ́yìn òun ní àjọ kejì ni yóò di ọ̀gá òun. Ó fẹ́ mọ ibi tí owó ìfẹ̀yìntì òun yóò ti máa wá. Tí ìjọba kò bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí kí ó tó kéde, ó yẹ kí ó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn kan náà ni fáìlì ìdàpọ̀ yóò gba ọwọ́ wọn kọjá.

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n dárúkọ ní ọdún 2024, ọ̀kan wà ní ìlú wa níhìn-ín, mo sì fẹ́ kí a dúró tì í díẹ̀, nítorí ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jìn tó. Ilé-iṣẹ́ NACGRAB ni, ní Moor Plantation, níbi tí ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń lọ láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títọ́jú irúgbìn àti àbùdá àwọn ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń forúkọ irú ohun ọ̀gbìn tuntun sílẹ̀ kí àgbẹ̀ tó máa gbìn ín. Àbá ìjọba ni pé kí a da á pọ̀ mọ́ àjọ NABDA ní Abuja, tó ń rí sí ìwádìí lórí ìmọ̀ àbùdá ohun ẹlẹ́mìí. Lórí ìwé, ó bọ́gbọ́n mu: lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba kan náà ni àwọn méjèèjì wà, orúkọ wọn sì jọra.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ̀wà, àgbàdo, ọkà bàbà, àwọn irúgbìn tó ṣeé sá gbẹ, yàrá tútù ni wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n á dì wọ́n sínú àpò tí atẹ́gùn kì í wọ̀, wọ́n á kọ orúkọ abúlé tí wọ́n ti rí wọn sí i lára, lóòrèkóòrè wọ́n á sì mú díẹ̀ hù láti mọ̀ bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣeé tọ́jú bẹ́ẹ̀. Inú oko ni wọ́n ti ń gbìn wọ́n láti ọdún dé ọdún, tàbí kí wọ́n máa tọ́jú ọ̀mùnú wọn nínú ìgò. Tí iná bá lọ ní yàrá tútù náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí kò sì sí owó epo jẹnẹrétọ̀, ohun tó bá kú níbẹ̀ lè jẹ́ irú ẹ̀wà kan tí kò sí lóko ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ìlú yìí kan náà, ní ọ̀nà Mọ́níyà, IITA, ilé-iṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, náà ní ilé ìtọ́jú irúgbìn tirẹ̀, níbi tí àkójọ ẹ̀wà tó pọ̀ jù lágbàáyé wà. Ẹni tó bá fi ojú akápò wò ó lè ní: ilé ìtọ́jú ẹ̀wà méjì nínú ìlú kan, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Ìdáhùn àwọn onímọ̀ irúgbìn ni pé kí irúgbìn kan wà ní ibi púpọ̀ ni ààbò rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kó ẹ̀dà irúgbìn láti orílẹ̀-èdè gbogbo lọ sínú òkè yìnyín ní Svalbard ní orílẹ̀-èdè Norway, láti ọdún 2008. Àṣetúnṣe ni iṣẹ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ pé a fẹ́ da NACGRAB àti NABDA pọ̀, ìbéèrè mi kì í ṣe bóyá ó dára tàbí kò dára. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ni a fẹ́ dà pọ̀? Tí ó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ alámòójútó, ọ́fíìsì akápò, ọkọ̀ ọ̀gá àgbà, àti ẹ̀ka tó ń ra bébà, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Tí ó bá jẹ́ pé owó epo yàrá tútù ní Moor Plantation yóò di ohun tí Ìbàdàn ń kọ̀wé béèrè láti Abuja, tí fáìlì yóò sì máa rìn fún oṣù mẹ́ta, a ó ti fi ohun tí kò ṣeé rà padà ṣe ìdínkù owó. Àbọ̀ tó bá fi orúkọ àjọ nìkan ṣe ìdájọ́ kò lè rí ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ní ọwọ́ ni yóò rí i.

Ẹgbẹ́ mìíràn wà tí ìtàn rẹ̀ yára sọ, nítorí gbogbo wa la gbé inú rẹ̀: àwọn ètò ìgbógun ti ìṣẹ́. DFRRI àti NDE dé ní ọdún 1986, ètò Better Life fún àwọn obìnrin ìgbèríko dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Báǹkì Àwọn Ènìyàn dé ní ọdún 1989, FEAP ní ọdún 1997, NAPEP ní ọdún 2001, SURE-P ní ọdún 2012, N-Power àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2016. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ orúkọ tirẹ̀ lára pátákó. Lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún 2000, wọ́n da Báǹkì Àwọn Ènìyàn àti FEAP pọ̀ mọ́ báǹkì tó ń yá àgbẹ̀ lówó, èyí tí a mọ̀ sí Báǹkì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ lónìí, ìyẹn sì fi hàn pé ìdàpọ̀ ṣeé ṣe tí ìjọba bá pinnu. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nínú ìtàn yìí ni pé bí ètò kọ̀ọ̀kan ṣe ń kú ni ìwé àwọn tí ó ràn lọ́wọ́ ń bá a kú. Ètò tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ti mọ tálákà ilẹ̀ yìí rí.

Orúkọ kíkọ yẹn, àwa aráàlú ló mọ bó ṣe ń rí lára. Mo mọ ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà. Ata ti jẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ débi pé ẹ̀rọ kì í tètè rí ìlà ìka náà. Ó ti tẹ̀ ẹ́ fún ìforúkọsílẹ̀ síìmù fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ fún káàdì ìdìbò, ó tẹ̀ ẹ́ ní báǹkì fún BVN, ó tún tẹ̀ ẹ́ fún NIN. Níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní kí ó fi aṣọ nu ọwọ́, kí ó tún un tẹ̀, kí ó fi ìka mìíràn tẹ̀ ẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà á sì máa kùn. Láti ọdún 2007 ni òfin ti wà tó fi àjọ NIMC ṣe olùtọ́jú ìdánimọ̀ gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Síbẹ̀ ọdún 2011 ni ìforúkọsílẹ̀ síìmù bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, ọdún 2014 ni BVN bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí ìjọba tó pàṣẹ pé kí gbogbo nọ́ńbà fóònù so mọ́ NIN. Ọjọ́ ọjà tí ìyá yẹn pàdánù nínú gbogbo ìlà wọ̀nyẹn kò sí nínú ìṣirò ìjọba kankan, bẹ́ẹ̀ òun ni ó san owó àṣetúnṣe náà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010 pàṣẹ fún GAO, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn yẹ ìnáwó ìjọba wò, pé kí ó máa jábọ̀ lọ́dọọdún lórí àwọn ètò tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Àbọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2011. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ilé-iṣẹ́ ìjọba 15 ló ń fi ó kéré tán òfin 30 bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí kò léwu, àti pé ètò 47 ló ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ tàbí wá iṣẹ́ fún un. Píṣà tí wàràkàṣì nìkan wà lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò; tí ẹran bá ti wà lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni. GAO kò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ó ya iṣẹ́ tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ láàárín ilé-iṣẹ́ púpọ̀ sọ́tọ̀, ó ya àwọn ètò tí àfojúsùn wọn jọra sọ́tọ̀, ó sì ya àwọn tó ń ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́ fún àwọn ènìyàn kan náà sọ́tọ̀, nítorí oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Wọn kò tíì rí gbogbo rẹ̀ yanjú. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn ṣì ń lọ. Àmọ́ lọ́dọọdún, wọ́n ń gbé e sí gbangba pé àbá báyìí ti ṣẹ, èyí ṣẹ díẹ̀, èyí kò ṣẹ rárá, wọ́n sì ń dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó yẹ kí ó ṣe é. Nígbà tó fi di ọdún 2024, ìṣirò wọn ni pé àǹfààní owó tó ti jáde níbẹ̀ ti lé ní 600 bílíọ̀nù dọ́là. Àbọ̀ Oronsaye jáde lẹ́ẹ̀kan. Tiwọn ń jáde lọ́dọọdún, èyí sì ni ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí a kọ́ lára wọn.

Nílé níhìn-ín pàápàá, a ti rí i pé iṣẹ́ lè bọ́ sí ọwọ́ kan láìpa ilé-iṣẹ́ kankan rẹ́. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, àti àwọn àjọ àgbáyé ló ní ẹ̀tọ́ láti dá sí i. Wọ́n kó gbogbo wọn sínú ibùdó kan ṣoṣo, ní ìlànà tí wọ́n ti fi ń gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀, wọ́n sì fi ẹnì kan ṣe olórí. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà, àwọn mẹ́jọ sì kú. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìtàn tiwa ní ìwọ̀-oòrùn ní ẹ̀kọ́ méjì tó dojú kọ ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn sí Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ ní ọdún 1976, ó rọrùn láti gé ohun ìní agbègbè náà sí mẹ́ta. Wọn kò gé e. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Odù'a sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà, ó wà ní Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ títí di òní, ó ní àwọn olùdarí tirẹ̀ àti ọ̀gá kan tó ń dáhùn fún un, nítorí náà ó là á já nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ni í tún di márùn-ún. Ẹ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fásitì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ní ọdún 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ni ín. Ọ̀kan á ní òun ti san tòun, èkejì á ní òun kò jẹ gbèsè, owó oṣù á máa pẹ́, àwọn olùkọ́ á gùn lé ìyanṣẹ́lódì, àwọn ọmọ wa á sì jókòó sílé. Ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, nígbà tí Ọ̀yọ́ di olówó kan ṣoṣo. Àjọni kọ́ ló ba LAUTECH jẹ́, nítorí àjọni náà ni Odù'a. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni méjì ló ni í, kò sì sí ẹnì kan tó gbọ́dọ̀ dáhùn.

Kí ni mo wá ń dábàá? Mo fẹ́ kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìwé kan, tí yóò wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n yóò máa tún ṣe lọ́dọọdún kí ètò ìṣúná tó dé iwájú àwọn aṣòfin, níbi tí wọ́n yóò ti kọ gbogbo ètò tó ń gba owó ìpínlẹ̀ sílẹ̀: orúkọ rẹ̀, òfin tàbí ìwé tó gbé e kalẹ̀, àwọn ènìyàn tí ó wà fún, iye tí ó gbà lọ́dún tó kọjá, iye ènìyàn tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn, àti orúkọ ipò òṣìṣẹ́ kan tó ń dáhùn fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ètò tuntun wá, kí ó kọ́kọ́ fi hàn láti inú ìwé náà pé kò sí èyí tó ń ṣe é, tàbí kí ó sọ èyí tí tirẹ̀ yóò rọ́pò àti ọjọ́ tí ti àtijọ́ yóò kógbá sílé. Kí àwọn aṣòfin máa kọ ọdún tí ètò kọ̀ọ̀kan yóò parí sínú òfin tó bí i, kí ó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kí ó wà lẹ́yìn ọdún náà ni yóò wá sọ ìdí rẹ̀, kí ó má jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí ó kú ni yóò máa jà kiri. Ní ti òṣìṣẹ́, kí a kọ ipò wọn, ọdún iṣẹ́ wọn, àti ẹni tí yóò san owó ìfẹ̀yìntì wọn sínú òfin ìdàpọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó má jẹ́ ìlérí ẹnu.

Mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣe lórí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ètò àgbẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà ní Ìdó tàbí ní Akínyẹlé, ìjọba àpapọ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ fún ajílẹ̀, ìpínlẹ̀ ti kọ ọ́ fún irúgbìn, ìjọba ìbílẹ̀ ti kọ ọ́ fún owó ìrànwọ́, báǹkì ti kọ ọ́ fún ẹ̀yáwó, kò sì sí èyí tó lè rí ohun tí èkejì kọ. Kí ìpínlẹ̀ yan ọ́fíìsì kan tí yóò máa tọ́jú ìwé orúkọ àgbẹ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo ètò yóò máa ti ibẹ̀ mú orúkọ, kí NIN tí àgbẹ̀ náà ti ní tẹ́lẹ̀ sì jẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀ láìtún tẹ ìka kankan. Tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó wà lẹ́yìn odi Ìbàdàn bá fi orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀ lọ́dún yìí, àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń bẹ oko wò lè lọ yẹ orúkọ náà wò ní abúlé kọ̀ọ̀kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìwé náà sì ti wà nílẹ̀ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.